Ṣé bàálù ogun lè pa nẹ́tíwọ̀kì mọ́ àwọn ajínigbé lọ́wọ́ nínú igbó wa?

Ìbéèrè láti ọ̀dọ̀ ọmọ Òmù-Àrán kan:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ Òmù-Àrán ni mí, Tanke ni mo ń gbé níbí ní Ìlọrin. Láti oṣù November 2025 tí àwọn agbébọn ti ya wọ ṣọ́ọ̀ṣì ní Èrúkù, tí wọ́n kó èèyàn wọgbó, oorun kò kun ojú ìyá mi nílé mọ́. Ẹnìkan sọ fún mi pé àwọn ọmọ ogun òfurufú ayé òde òní ní ẹ̀rọ tí wọ́n ń so mọ́ abẹ́ bàálù, pé wọ́n kàn ń tẹ bọ́tìnnì ni, rédà àti fóònù ọ̀tá á pa lọ́lọ́. Bó bá jẹ́ òótọ́, kí ló dé tí tiwa kò gbé e wá sórí igbó ìjọba ìbílẹ̀ Èkìtì àti Ìfẹ́lódùn ní Kwara níbí, kí wọ́n pa nẹ́tíwọ̀kì mọ́ àwọn ajínigbé yìí lọ́wọ́? Ẹ̀yin tí ẹ ti ń bá rédíò ṣiṣẹ́ ọjọ́ pẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lóye.

* * *

Àbúrò, o kú ìrọ́jú. Ọlọ́run á fi ọkàn ìyá balẹ̀. Ẹ̀rọ tí wọ́n sọ fún ọ wà, ó sì ń ṣiṣẹ́. Ọ̀rọ̀ bọ́tìnnì yẹn ni n kò gbà, mo sì fẹ́ fara balẹ̀ ṣàlàyé rẹ̀, nítorí ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń bá ìgbì rédíò wọ̀yá ìjà: ẹ̀rọ tí ń gbé ohùn ilé-iṣẹ́ rédíò sáfẹ́fẹ́, ọ̀pá nẹ́tíwọ̀kì, títí kan máíìkì ilé ìjọsìn.

Ogun ìgbì ni mo máa pè é. Ìgbì ni rédà fi ń ríran. Ó ń jù ú síta, á lu ara bàálù, á sì dún padà sí i bí igbe èèyàn ṣe ń dún padà lára òkè. Ìgbì ni awakọ̀ òfurufú fi ń bá àwọn ará ilẹ̀ sọ̀rọ̀, òun ni ọ̀pọ̀ mísáìlì fi ń tọpa ohun tí wọ́n fẹ́ pa, òun náà ni GPS fi ń júwe ọ̀nà. Ẹni tó bá gba ìgbì mọ́ ọ lọ́wọ́ ti fọ́ ọ lójú, ó ti di ọ́ létí. Ìdí nìyẹn tí àwọn orílẹ̀-èdè ńlá fi ń náwó sí i: wọ́n ń tẹ́tí sí ìgbì ọ̀tá, wọ́n ń dí i tàbí kí wọ́n parọ́ fún un, wọ́n sì ń dáàbò bo tiwọn. Dídí ni gbogbo ayé ń sọ. Títẹ́tí ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi gbé yẹ̀ wò, torí ẹni tí kò gbọ́ nǹkan kan kò mọ ohun tó fẹ́ dí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó ṣojú mi. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, èmi ni mo ń bójú tó gbohùngbohùn níbi wàsí alẹ́ kan, kò jìnnà sí Ọjà Ọba. Máíìkì tí kò ní wáyà ni àáfà mú lọ́wọ́. Wàsí ń lọ geere. Bó ṣe rìn lọ bá àwọn àgbà tó jókòó lẹ́yìn, bí ìṣísẹ̀ ogójì sí ẹ̀rọ tí ń gba ohùn, ohùn rẹ̀ já. Ohùn obìnrin ló jáde láti inú ẹ̀rọ: ẹ bá mi pàtẹ́wọ́ fún ìyàwó! Àwọn èèyàn ń wo ojú ara wọn. Àáfà yíjú padà, ó bọ̀ síwájú, ohùn tirẹ̀ dé. Ó tún lọ sẹ́yìn, obìnrin náà tún dé.

Máíìkì wa àti ti àpèjẹ ìgbéyàwó kan ní òdìkejì títì wà lórí ìkànnì kan náà. Ẹ̀rọ tí ń gba ohùn kò mọ àáfà yàtọ̀ sí alága ìyàwó. Èyí tí ìgbì rẹ̀ bá le jù létí rẹ̀ ló ń gbé jáde, á sì tẹ èkejì rì pátápátá. Mo mú ẹ̀rọ kékeré kan tó ń gba ìgbì, tó ń lo bátìrì, mo fa éríà rẹ̀ jáde, ìyẹn ọ̀pá irin tó ń gba ìgbì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Iná wẹ́wẹ́ márùn-ún ló wà níwájú rẹ̀, bí ìgbì bá ṣe le tó ni èyí tó ń tàn ṣe ń pọ̀ tó. Bí mo bá kọjú sí mọ́sálásí, méjì ló ń tàn. Bí mo bá kọjú sí títì, mẹ́rin. Nígbà tí gbogbo wọn tàn, ẹnu ọ̀nà ibi ìgbéyàwó ni mo dúró sí, òórùn ìrẹsì ń ta sí mi nímú. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mo padà, mo sún tiwa sí ìkànnì mìíràn, wàsí sì ń bá a lọ.

Àbúrò, ohun tí àwọn ọmọ ogun òfurufú ń ṣe pẹ̀lú owó gọbọi kò ju ohun tó ṣẹlẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn lọ. Ẹni tó sún mọ́ etí ẹ̀rọ ló ń borí. Ẹni tó ń pariwo, a ó rí i. Ẹni tó mọ ìkànnì tí ọ̀tá wà ló lè sá fún un.

* * *

Bàbá kan láti Ọ̀fà, ológun tó ti fẹ̀yìn tì, kọ̀wé sí mi pé mo ti sọ ọ̀rọ̀ ńlá di ọ̀rọ̀ máíìkì. Wọ́n ní Amẹ́ríkà ní bàálù Growler tó lè fọ́ gbogbo rédà ilẹ̀ kan lójú, àti pé bí Nàìjíríà bá ra méjì péré, a ti bọ́.

Bàbá, mo dọ̀bálẹ̀. Growler lágbára. EA-18G ni orúkọ rẹ̀ nínú ìwé, ara bàálù F/A-18F ni wọ́n ti yọ ọ́, àwọn ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà ló ní púpọ̀ jù nínú rẹ̀, Australia náà sì ní. Wọ́n lò ó ní Líbíà ní 2011. Èèyàn méjì ló ń wọ inú rẹ̀: ọ̀kan ń wà á, ìgbì ni iṣẹ́ ẹnì kejì. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi wo ìṣirò kan tí kì í ṣojúsàájú fún ẹnikẹ́ni. Ìgbì rédà ń lọ, ó tún ń bọ̀. Ìgbì ẹni tó ń dí i kàn ń lọ ni. Nítorí náà ni ariwo kékeré láti ọ̀nà jíjìn ṣe lè bo rédà ńlá mọ́lẹ̀. Jẹ́ kí bàálù tó ń pariwo náà wá sún mọ́ rédà, kí ìjìnnà tó wà láàárín wọn dín sí ìdajì. Ariwo rẹ̀ létí rédà á di ìlọ́po 4. Ìgbì tó ń ta padà láti ara bàálù náà á di ìlọ́po 16. Bó bá tún sún mọ́ ọn díẹ̀ sí i, ibì kan ń bọ̀ tí rédà á ríran gba àárín ariwo kọjá. Àáfà wa tó bọ̀ síwájú nìyẹn, bàbá.

Àwọn míì á ní ti bàálù tí rédà kò lè rí ńkọ́, bí ẹni tó lo afẹ́ẹ̀rí. Wọ́n pe F-117, bàálù ogun Amẹ́ríkà, bẹ́ẹ̀. Ní 27 March 1999, àwọn ará Serbia já a lulẹ̀. Mísáìlì S-125 tí wọ́n fi já a, láti ọdún 1961 ni irú rẹ̀ ti wà lẹ́nu iṣẹ́. Ọ̀gágun Zoltán Dani ló ń darí wọn. Ohun tó ń ṣe ni pé kì í jẹ́ kí rédà rẹ̀ tàn ju ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ lọ kó tó pa á, ó sì ń ṣí ibùdó rẹ̀ kiri, torí ó mọ̀ pé àwọn bàálù tó ń gbọ́ ìgbì rédà ń wá a, wọ́n sì ní mísáìlì HARM tó máa ń tẹ̀ lé ìgbì náà títí á fi kan ẹni tó tan án. Ó dákẹ́, ó ń ṣọ́, ó sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó mọ ìgbà tó yẹ kó dákẹ́ ni mo ń pè ní ọ̀gá nínú iṣẹ́ yìí.

* * *

Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ kan béèrè bóyá bébà fàdákà tí bàálù ń tú dànù ṣì wúlò, tàbí ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni. Ó wúlò dòní. Inú mi dùn sí ìbéèrè yìí ju gbogbo ìyókù lọ, nítorí iṣẹ́ ọwọ́ mi ló wà nínú rẹ̀.

Lóru 24 mọ́jú 25 July 1943, àwọn ará Bìrìtìkó rán bàálù 791 lọ ju bọ́ǹbù sí Hamburg ní Jámánì. Kí wọ́n tó débẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í da ìdì bébà wẹ́wẹ́ tí wọ́n lẹ àlùmíníọ́mù mọ́ lára sílẹ̀ láti inú bàálù. Rédà Jámánì rí bàálù tí kò níye lójú òfurufú. Ìbọn wọn ń yìn sófo. Bàálù 12 péré ni kò padà sílé nínú 791.

Kí ló mú kí bébà ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀? Gígùn rẹ̀ ni. Bíi 27cm ni wọ́n gé e sí. Ìgbì rédà Würzburg tí Jámánì ń lò gùn tó 53cm. Bébà náà jẹ́ ìdajì ìgbì gẹ́lẹ́. Gbogbo ẹni tó bá ti ṣe éríà rí mọ ohun tí mò ń sọ. Bí mo bá fẹ́ ṣe éríà fún ilé-iṣẹ́ rédíò tó wà ní àyíká 100 lórí FM, mítà kan àtààbọ̀ ni mo ń gé irin sí, torí ìgbì ibẹ̀ gùn tó mítà mẹ́ta. Bí o bá gé e dáadáa, irin á kọrin pẹ̀lú ìgbì. Bí o bá gé e ṣì, irin lásán ni. Wọ́n kàn sọ ẹgbẹẹgbẹ̀rún éríà kéékèèké sójú òfurufú ni, olúkúlùkù ń ta ìgbì padà bíi pé bàálù ni.

Báwo ni wọ́n ṣe wá mọ inú rédà yẹn tó bẹ́ẹ̀? Ní February 1942, ọdún kan ààbọ̀ ṣáájú Hamburg, àwọn ọmọ ogun Bìrìtìkó fi páráṣúùtì bọ́ sí abúlé Bruneval létí òkun Faransé lóru. Wọ́n tú rédà Würzburg kan tó wà níbẹ̀, wọ́n kó àwọn ẹ̀yà inú rẹ̀ wá sílé, wọ́n sì mú ọ̀kan nínú àwọn tó mọ̀ ọ́n lò dání. Èèyàn kú lórí ìrìn àjò yẹn. Wọ́n fi ẹ̀mí ra ìmọ̀ nípa ẹ̀rọ ọ̀tá, lẹ́yìn náà ni wọ́n tó gé bébà.

Mo máa ń sọ ọ́ fún àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ní ṣọ́ọ̀bù: kó o tó fọwọ́ kan ẹ̀rọ, kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n.

* * *

Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ yẹn kan náà padà wá. Ó ní ẹ̀gbọ́n, ayé bébà ti kọjá, bàálù tuntun ní kọ̀ǹpútà tó ń ṣe gbogbo rẹ̀ fúnra rẹ̀.

Òótọ́ ni pé ẹ̀rọ wà báyìí tó máa ń ká ìgbì rédà sílẹ̀, á da á padà sí rédà náà pẹ̀lú àyípadà díẹ̀, débi tí rédà á fi gbà pé bàálù wà níwájú ibi tó wà gan-an, tàbí pé ó ń sáré ju bó ṣe ń sáré lọ. Iṣẹ́ tó ń yà mí lẹ́nu ni. Àmọ́ inú ẹ̀rọ yẹn, àkọsílẹ̀ ló wà: rédà báyìí, bí ohùn rẹ̀ ṣe ń dún nìyí, ohun tí a ó ṣe sí i nìyí. Èèyàn ló ń kọ ọ́, látinú ohun tí èèyàn gbọ́. Rédà tí kò bá sí nínú àkọsílẹ̀, kọ̀ǹpútà lè má dá a mọ̀ rárá.

Ní October 1973, Ísírẹ́lì gbà pé àwọn ti ní oògùn mísáìlì Rọ́ṣíà. Ẹ̀rọ wọn mọ ohùn èyí tó ti pẹ́. Íjíbítì àti Síríà wá gbé tuntun jáde, SA-6, tí ìgbì tó fi ń tọ́ mísáìlì rẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tí ẹ̀rọ inú bàálù Ísírẹ́lì mọ̀. Awakọ̀ kò gbọ́ ìkìlọ̀ kankan létí tí mísáìlì fi kan án. Bàálù tí Ísírẹ́lì pàdánù nínú ogun ọ̀sẹ̀ mẹ́ta náà tó ọgọ́rùn-ún. Wọ́n padà sílé, wọ́n jókòó ti ọ̀rọ̀ náà fún ọdún mẹ́jọ ó lé. Nígbà tí ó di 9 June 1982 ní àfonífojì Bekaa ní Lẹ́bánọ́ọ̀nù, wọ́n kọ́kọ́ rán dróònù lọ. Síríà rò pé bàálù ogun ló dé, wọ́n tan rédà wọn. Gbàrà tí rédà tàn ni ẹni tó ń tẹ́tí ti mọ ibi tí ó wà àti bí ohùn rẹ̀ ṣe rí. Mísáìlì tẹ̀ lé ìgbì náà lọ. Kí ilẹ̀ ọjọ́ yẹn tó ṣú, ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ibùdó mísáìlì 19 tí Síríà ní níbẹ̀ ti di eérú.

Orílẹ̀-èdè kan náà ni o. Iṣẹ́ tí wọ́n fi etí ṣe ní àárín ọdún méjèèjì ló mú ìyàtọ̀ wá, ìyẹn sì ni n kì í fi í bá ẹni tó bá ní ká kàn ra bàálù fohùn ṣọ̀kan.

* * *

Ẹ jẹ́ ká padà sílé. Oníbéèrè mìíràn láti Àjàṣẹ́ ní àwọn agbébọn kò ní rédà, kí la wá fẹ́ fi ogun ìgbì ṣe?

Ó ṣòótọ́ dé ibì kan. Ní 18 July 2021, wọ́n já bàálù ogun Alpha Jet ti àwọn ọmọ ogun òfurufú wa lulẹ̀ nígbà tó ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́ kan ní ààlà Zamfara àti Kaduna. Ìbọn ni wọ́n yìn lù ú láti ilẹ̀. Ojú lásán ni wọ́n fi wò ó. Kò sí ariwo tí bàálù lè pa tó máa dí ojú ẹni tó di ìbọn mú. Níbi ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, kí bàálù fò ga, kí ó má gba ọ̀nà kan náà lójoojúmọ́, kí ó lo òru, ìyẹn ló lè ṣe é láǹfààní. Bó bá jẹ́ mísáìlì tí wọ́n ń gbé léjìká, tó ń tọ ooru ẹ́ńjìnnì lọ, ohun tí ń gbani níbẹ̀ ni ẹ̀rọ tó ń tètè rí i pé mísáìlì ti gbéra, pẹ̀lú iná tí bàálù ń tú sílẹ̀ kí mísáìlì lè tẹ̀ lé iná náà lọ. Ìyẹn náà wà nínú iṣẹ́ yìí, bẹ́ẹ̀ kẹ́ ẹ sì rí i, kò ní ariwo nínú.

Ṣùgbọ́n ẹ wo awakọ̀ náà, Flight Lieutenant Abayomi Dairo. Ó fò jáde, ó sá pamọ́ fún àwọn tó ń lé e, ó rìn lóru títí ó fi dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ ogun wa. Àwọn ọmọ ogun òfurufú fúnra wọn sọ pé fóònù rẹ̀ ló fi mọ ọ̀nà tó tọ̀. Mo ka ìròyìn yẹn lẹ́ẹ̀mejì lọ́jọ́ náà. Ká ní wọ́n ti gbé ẹ̀rọ kan sókè tó ń dí GPS lágbègbè yẹn, òkùnkùn igbó ni ọmọ yẹn ì bá máa táràrà nínú ẹ̀. Ìgbì tí o dí mọ́ ọ̀tá lọ́wọ́, o dí i mọ́ ọmọ tìrẹ náà.

* * *

Mo dé ìdí ìbéèrè àkọ́kọ́ wàyí: fóònù àwọn ajínigbé.

Èrò tó pọ̀ jù nínú ohun tí ẹ kọ ránṣẹ́ ni pé kí wọ́n sáà pa nẹ́tíwọ̀kì. A ti rí i rí. Ní September 2021, ìjọba ní kí wọ́n pa gbogbo ọ̀pá nẹ́tíwọ̀kì ní ìpínlẹ̀ Zamfara. Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n kọ́kọ́ dá, ó sì kọjá bẹ́ẹ̀. Kò tilẹ̀ nílò bàálù, wọ́n kàn pa á láti ìdí ni. Ẹ bi ara yín bí yóò ti rí bí irú rẹ̀ bá dé Kwara South. Ta ni ìyá máa pè bó bá gbọ́ ìró ìbọn lóru? Báwo ni fijilanté Èrúkù ṣe máa pe ti Ìsapa? Ìyá oníPOS tó ń ti ibẹ̀ jẹun ńkọ́? Fóònù tí ajínigbé fi ń béèrè owó, òun kan náà ni okùn kan ṣoṣo tó so wá mọ́ ẹni wa tó wà níbẹ̀. Mo mọ ìdílé kan tó gbọ́ ohùn ọmọ wọn lórí fóònù lọ́jọ́ kẹrin. Wọn ò jẹ́ gbà láyé kí ẹnikẹ́ni pa á.

Ohun tí mo fẹ́ ni kí wọ́n gbọ́ ọ. Ibi tó sì ti ṣòro nìyí, mo fẹ́ kí ẹ fi sùúrù ka èyí. Nẹ́tíwọ̀kì 2G lè mọ bí fóònù ṣe jìnnà sí ọ̀pá tó, àmọ́ ní ìdiwọ̀n 550 mítà, 550 mítà ló ń kà á. Ọ̀pá náà sábà máa ń pín àyíká rẹ̀ sí mẹ́ta, ó sì mọ èyí tí fóònù wà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ní Ìlọrin níbí, láti Post Office dé Challenge, ọ̀pá pọ̀ débi pé èyí tí ọ̀kan sọ àti èyí tí èkejì sọ máa pàdé lójú kan, ẹ ti rí adúgbò yẹn nìyẹn. Nínú igbó, ọ̀pá kan ló máa ń gbọ́ fóònù náà, tó bá tilẹ̀ gbọ́. Bí fóònù bá wà ní 10km sí i, ohun tí ọ̀pá máa sọ fún yín ni ọ̀já ilẹ̀ kan tó tẹ̀ bí òṣùmàrè, tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 550 mítà, tí gígùn rẹ̀ sì lé ní 20km. Ọlọ́dẹ mélòó ni ẹ fẹ́ tò sí ọ̀nà tó gùn tó bẹ́ẹ̀?

Bàálù wúlò níbí gan-an. Ẹ rántí bí mo ṣe gbé ẹ̀rọ kékeré kọjú sí mọ́sálásí, kọjú sí títì. Bàálù tó ní éríà tó ń mọ ìhà tí ìgbì ti wá, bó bá gbọ́ fóònù kan láti ojú òfurufú, á fa ìlà kan. Á fò síwájú, á tún gbọ́ ọ, á fa ìlà kejì. Ibi tí ìlà ti pàdé ni fóònù wà. Láti òkè, igi àti gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ilẹ̀ kì í dí i tó bó ṣe ń dí ọ̀pá. Àwọn ọmọ ogun òfurufú wa ní bàálù tó ń ṣọ́ ilẹ̀, ATR 42 àti King Air 350. Iṣẹ́ etí yìí ló yẹ kí ará ìlú máa bi ìjọba léèrè, ká béèrè iye àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ń kọ́ láti jókòó ti ẹ̀rọ náà, ká béèrè bó ṣe pẹ́ tó kí ohun tí wọ́n gbọ́ lókè tó dé etí àwọn tó wà nílẹ̀. Bí ìlà bá pàdé ní agogo méjì, tí ìwé ń ti ọ́fíìsì kan bọ́ sí òmíràn títí di agogo mẹ́jọ, àwọn èèyàn yẹn ti ṣí kúrò.

* * *

Ẹnìkan béèrè bóun lè ra ẹ̀rọ tí ń dí nẹ́tíwọ̀kì lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kó gbé e sí oko rẹ̀.

Má rà á. Òfin kò gbà á fún ẹnikẹ́ni lásán, ìyẹn kékeré. Ní òru tí wọ́n bá wọlé, fóònù tìrẹ ló máa kọ́kọ́ kú. Àwọn tó ń jí mọ́tò gan-an ló ń lo ẹ̀rọ yìí kí ẹ̀rọ atọ́pa inú mọ́tò má bàa sọ ibi tó wà. Bó bá jẹ́ èyí tó ń dí GPS, ewu rẹ̀ kọjá oko rẹ. Orí ìràwọ̀ ẹ̀rọ (sátẹ́láìtì) tó ga tó 20,200km ni ìgbì GPS ti ń bọ̀, kó tó dé ilẹ̀ á ti rẹ̀ ẹ́ débi pé ariwo inú ẹ̀rọ tó ń gbà á gan-an le jù ú lọ. Nǹkan kékeré ló ń bò ó. Ní 2024, ilé-iṣẹ́ bàálù Finnair dá ìrìn àjò sí ìlú Tartu ní Estonia dúró fún bí oṣù kan, torí wọ́n ń dí GPS lágbègbè náà, bàálù kò lè fi í balẹ̀ mọ́. Ronú kan bàálù tó kó àwọn alálàájì wa bọ̀ sí pápákọ̀ Ìlọrin lóru, tí òjò sì ń rọ̀.

* * *

Ti dróònù, ní ṣókí, torí ẹ ti bi mí tó ẹ̀ẹ̀marùn-ún. Ní December 2024, àwọn agbésùmọ̀mí ISWAP fi dróònù gbé gùrùnéèdì lu ibùdó ológun ní Borno. Nítorí náà ọ̀rọ̀ yìí ti dé ilẹ̀ wa. Ìgbì ló ń darí dróònù ọjà, a lè dí i, ó sì yẹ kí àwọn ológun ní ohun tí wọn á fi dí i ní ibùdó wọn. Síbẹ̀ ní Ukraine, níbi tí gbogbo ìkànnì ti kún fún ariwo, wọ́n ti ń so okùn onígíláàsì tó tín-ín-rín bí irun mọ́ ìdí dróònù, tó ń tú lẹ́yìn rẹ̀ bó ṣe ń lọ, fún ọ̀pọ̀ kìlómítà. Kò sí ìgbì kankan láti dí níbẹ̀. Ojú àti etí èèyàn ló kù. Ẹni tó bá fi gbogbo owó rẹ̀ ra ẹ̀rọ ariwo máa dúró ṣánṣán lọ́jọ́ tí irú ìyẹn bá dé.

* * *

Ọmọ Òmù, o tún kọ̀wé lálẹ́ àná pé gbogbo àlàyé yìí dára, ṣùgbọ́n kí ni ìwọ lè ṣe láti Tanke fún ìyá rẹ?

Mo ronú lé e títí mo fi jí ní sààrì. Nǹkan kan wà. Bó o bá lọ sílé ní òpin ọ̀sẹ̀, di fóònù mú lọ́wọ́ nínú mọ́tò láti Àjàṣẹ́ lọ. Níbi tí nẹ́tíwọ̀kì bá ti já, kọ òpó kìlómítà tó wà níbẹ̀ sínú ìwé, kọ ibi tó ti padà. Ṣe é lójú ọ̀nà oko náà, níbi tí ìyá ń gbà. Lo síìmù ilé-iṣẹ́ méjì, torí ibi tí ọ̀kan kú sí, èkejì lè wà láàyè, ìyẹn sì ni síìmù tó yẹ kó wà nínú fóònù ìyá. Mo ti ṣe tèmi láti Òró dé ìlú wa. Ibi mẹ́rin ni mo rí, ọ̀kan nínú wọn gùn ju bí mo ṣe rò lọ, ibẹ̀ ni àwọn ọmọ ilé-ìwé sì ń gbà lọ lẹ́sẹ̀.

Mú ìwé náà lọ fún ọba àti olórí àwọn ọlọ́dẹ. Ọwọ́ wọn ló ti yẹ kó dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń gbé ọ̀pá àti àwọn ológun, kí ìlú tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Ẹ̀yin ìyókù, ẹ ṣe tiyín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹnikẹ́ni má kọ orúkọ àwọn ibi náà síbí. Àwọn tí à ń sọ̀rọ̀ wọn náà ní fóònù, wọ́n sì mọ ìwé kà.